Ìyá Pamílẹ́rìn Kò Wọlé

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Monísọ́lá ni wọ́n kọ sí káàdì iṣẹ́ rẹ̀. Ní ilé-ìwé tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ní Dagenham, Mísì Mo ni wọ́n ń pè é. Ní ìjọ wa, Ìyá Pàmí ni. Pàmí ni ìkékúrú Pamílẹ́rìn, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń pe orúkọ náà kò rí ọmọ yẹn sójú rí. Èmi náà kò rí i. Fọ́tò rẹ̀ tó wà lára ògiri yàrá kejì nílé ìyá rẹ̀ ní Barking Riverside nìkan ni mo mọ̀: ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀wù ilé-ìwé lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀.

Yàrá kejì yẹn, ti Pàmí ni. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀wù funfun kan wà ní ìkọ́, sùtánà ìjọ wa, tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Òun ló ń rán sùtánà fún ìdajì ìjọ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí odò Thames, á máa rán an lọ. Lọ́dọọdún, bí ìkórè bá ti ń sún mọ́lé, á rán tuntun fún Pàmí. Ó sì máa ń fi àyè díẹ̀ kún èjìká rẹ̀.

"Kì í ṣe ọmọdé mọ́," ló máa ń wí. "Á ti sanra."

Nígbà tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún kan péré ló dá fún un. Ẹ mọ bí ọdún kan ṣe máa ń rí nílùú yìí. Kí ìwé ìgbélùú tirẹ̀ tó jáde, kó tó lẹ́nu láti béèrè ọmọ, ọmọ ti di géńdé, ìjọba ní kò sí lára ẹni tí ìyá lè mú wá mọ́. Ó béèrè, wọ́n kọ̀. Ó tún béèrè, wọ́n tún kọ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀ ló bí Dárasími síbí. Nígbà tó yá, ó rẹ Pàmí. Kò sọ fún ìyá, kò sọ fún ìyá àgbà. Ó ti wà nínú aṣálẹ̀ kó tó pe ilé, lẹ́yìn náà ó tún pè láti Líbíà, ohùn rẹ̀ ti há.

Ìpè tó kẹ́yìn wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 2016. Ìyá Pàmí wà ní ilé ìdáná ilé-ìwé, ó ń gé kárọ́ọ̀tì.

"Màámi, a ń wọ ọkọ̀ lónìí o. Ẹ gbàdúrà fún mi."

"Ọkọ̀ wo? Pàmí, irú ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ omi ni. Ẹ má jáyà jàre. Tí mo bá ti gúnlẹ̀, màá pè yín. Ẹ ti lè máa gbé ìrẹsì kaná."

Ó rẹ́rìn-ín. Fóònù kú.

Ibi iṣẹ́ ló gbà wá sí ilé ìjọ wa, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí Upney, tí a kùn ní funfun tí a fi ṣe ilé Ọlọ́run. Epérónì iṣẹ́ ṣì wà nídìí rẹ̀. A wọ ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ààwẹ̀ náà tó parí, Ẹ̀mí gbé Wòlíì Kọ́láwọlé. Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: Wòlíì Kọ́láwọlé kì í ṣe oníjìbìtì. Bọ́ọ̀sì ló ń wà jẹun, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó fi ìran gba nǹkan lọ́wọ́ òun rí. Ohun tó bá rí ló ń sọ. Ohun tó sì rí lọ́jọ́ yẹn ni pé ọmọ náà wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ògiri funfun lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ funfun lára rẹ̀, ẹnì kan ń da omi síwájú rẹ̀, ara sì tù ú.

Ilé ìjọ mì tìtì. A jó, a ké halelúyà. Ìyá Pàmí yí gbirigbiri nílẹ̀ nínú epérónì yẹn. Ní ìkórè ọdún náà, ó wá dúpẹ́ níwájú pẹpẹ pé Ọlọ́run kó ọmọ òun yọ.

Ọmọ kò pè.

Ọdún yípo, kò pè. Àwa náà kò yéé sọ fún un pé Ọlọ́run kì í sọ̀rọ̀ kó má ṣẹ. Bóyá ó wà ní àgọ́ kan. Bóyá fóònù rẹ̀ sọnù, tí nọ́ńbà sọnù pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí ìran yẹn, kò sí ẹni tó bá a sunkún. Kò sí ẹni tó kí i kú àmúmọ́ra. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i létí, aláìgbàgbọ́ ni. Èmi gan-an kò sọ ọ́. Mo gba ìran náà gbọ́. Ẹni tó ń kọ ìwé yìí gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Nígbà tí Ìyá Pàmí máa pé ọgọ́ta ọdún, Dárasími, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ra àyè fún un nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan tó ń rin Òkun Mẹditaréníà. Wọn á wọ ọkọ̀ ní Basẹlónà, á gbé wọn dé Róòmù, á gbé wọn dé Sísílì, á gbé wọn dé Málítà. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, wọn á sọ̀ kalẹ̀ lọ wòran. Ènìyàn méjì ni wọ́n ra àyè náà fún, ṣùgbọ́n wọ́n kò fún Dárasími ní ìsinmi níbi iṣẹ́. Bó ṣe kan èmi Ìyá Tìmílẹ́hìn nìyẹn. Mo wà nílé wọn lọ́jọ́ tó sọ ọ́.

"Mọ́mì, ẹ kàn lọ sinmi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò ní fọ abọ́. Ẹ ò ní se nǹkan kan. Wọ́n á máa gbé yín kiri bí ìyàwó tuntun."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. "Ṣé òkun Líbíà yẹn náà ni?"

Dárasími wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Òkun kan náà ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n òkè lẹ ó wà. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ wà lórí omi."

"Èmi á mọ̀," ni Ìyá Pàmí wí. Ó tún wí pé: "Màá lọ."

Nígbà tó sọ fún Wòlíì Kọ́láwọlé, inú Wòlíì dùn. "Ẹ lọ, Màmá. Ẹ lọ pè é lórí omi. Ohùn ìyá máa ń dé ibi tí fóònù ò dé. Á dáhùn." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àmín tèmi náà wà níbẹ̀.

Báyìí la ṣe di arìnrìn-àjò. Ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ní Basẹlónà, ọmọkùnrin kan tó ń yẹ ẹrù wò tú báàgì wa, ó sì kó àbẹ́là wa kúrò. Ó ní iná kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀.

"Sọ fún un pé ti Máíkẹ́lì Mímọ́ ni," Ìyá Pàmí sọ fún mi.

"Ìwọ náà sọ fún un."

"Òyìnbó tìrẹ ló já gaara. Ìwọ lo bá wọn ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè."

"Ilẹ̀ ni mo ń gbá níbẹ̀, Ìyá Pàmí. Ilẹ̀ kì í sọ òyìnbó."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀rín yẹn, mo rò pé ìrìn àjò náà á dáa.

Ọkọ̀ náà tóbi ju ohunkóhun tí mo ti rí lórí omi lọ. Ilé alájà púpọ̀ ni, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkun sì wà nísàlẹ̀. Oúnjẹ kò lópin. Ìyá Pàmí á gbé àwo dání, á máa wo ọbẹ̀ wọn bí ìyá ọkọ tó wá bẹ ìyàwó wò. "Ta ló se ìrẹsì yìí? Ọkàn rẹ̀ ò jinná. Bí mo bá gbé èyí fún àwọn ọmọ mi ní Dagenham, wọ́n á dà á sí mi lára." Lẹ́yìn náà á wo àwọn tó ń da odindi àwo oúnjẹ nù, á rọra gbé àwo tirẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ tán, á wọ sùtánà, àwa méjèèjì á lọ sí ìta gbangba lókè ọkọ̀ láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Irin ibẹ̀ tutù. Á di ọ̀pá etí ọkọ̀ mú, á pe ọmọ rẹ̀.

"Pamílẹ́rìn! Pamílẹ́rìn o! Ìyá rẹ ló ń pè ọ́!"

Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. A ó dúró. Omi yẹn kò ní ìpẹ̀kun. Mo ti gbàdúrà létí òkun lọ́pọ̀ ìgbà, ní Èkó, ní Southend, ṣùgbọ́n n kò dúró láàárín rẹ̀ rí. Á tún pè. A ó tún dúró. Ní àárọ̀ kejì, tọkọtaya òyìnbó kan tó ń sáré yípo ọkọ̀ kí ara wọn lè le dúró tì wá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó béèrè bóyá a wà lára àwọn tó máa ṣeré orí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí aṣọ wa wù ú.

"Kí ló wí?" Ìyá Pàmí bi mí.

"Ó ní aṣọ wa dára."

"Sọ fún un pé èmi ni mo rán an."

Ní Róòmù, obìnrin kan tó gbé àsíá kékeré dání kó wa kiri lójú pópó, àwa bí ọgbọ̀n ènìyàn tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó mú wa wọ ilé ìjọsìn ńlá tó wà níbẹ̀. Ère kan wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ère Màríà tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò. Ìyá Pàmí dúró níbẹ̀ títí àsíá fi fi wá sílẹ̀. Mo fà á lápá.

"Wọ́n jẹ́ kó gbé e," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Tirẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó rí i, wọ́n sì jẹ́ kó gbé e." Ó bá mi jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a gúnlẹ̀ ní Sísílì, gbogbo ọkọ̀ ló fẹ́ lọ wo òkè tó ń yọ èéfín. Àwa náà ti wà lára àwọn tó máa lọ. Nídìí oúnjẹ àárọ̀, Ìyá Pàmí fa fóònù rẹ̀ yọ, ó tì í sí mi. Fọ́tò itẹ́ òkú kan ni, géètì irin wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, orúkọ ìlú tí a wà náà sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn tí òkun bá kó jáde sí," ló wí. "Ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ."

"Ìgbà wo lo ti ní fọ́tò yìí?"

"Ó ti pẹ́."

"Ìyá Pàmí, ṣùgbọ́n Wòlíì ní..."

"Mo gbọ́ ohun tí Wòlíì ní. Ìwọ jẹ ẹyin rẹ, ká máa lọ."

A wọ takisí. Awakọ̀ náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ó ń fi ilé hàn wá lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó rí ibi tí a ń lọ gan-an, ó pa rédíò. Géètì irin náà ga, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Igi gíga wà nínú rẹ̀, ọ̀nà òkúta sì gba àárín wọn kọjá. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé, mo ń sọ̀rọ̀ lọ kí n tó mọ̀ pé n kò gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn.

Ó dúró ní ìta géètì. Ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Kí ló dé? Máa bọ̀."

"Ìwọ lọ, Ìyá Tìmílẹ́hìn. Bá mi wò ó."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí nílé mọ ohun tó sọ. Òbí kì í fojú kan ibojì ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá kú mọ́ ìyá lójú, àwọn ẹbí ló ń lọ sin ín, wọn á sì padà wálé láìsọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Èèwọ̀ ni, ìjọ kò sì lè mú un kúrò lára wa. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí, ó ti bá wa wọ itẹ́ òkú ní Barking láìmọye ìgbà, ó ti bá wa kọrin lórí ibojì àwọn arábìnrin àti arákùnrin, kò sì sí ẹni tó dá a dúró. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá wà láàyè, níbi tí ògiri funfun wà, ibojì àlejò ni gbogbo ibojì. Kí ló máa ní kó má wọlé? Èmi tí mo dúró sínú, òun tó dúró síta, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò gba ìran yẹn gbọ́ mọ́. N kò mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ gbà á gbọ́ rí.

Mo yí padà, mo lọ.

Ibi tí wọ́n sin wọ́n sí wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òkìtì kéékèèké ni, wọ́n tò wọ́n bí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Kò sí orúkọ. Pákó kékeré kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí oòrùn ti ń pa rẹ́. Àwọn kan ní òdòdó. Ọ̀kan ní ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé. Bàbá arúgbó kan ń fi agbè onírin bomi rin òdòdó wọ̀nyẹn, ó ṣí fìlà fún mi. Mo fẹ́ ka Sáàmù, n kò mọ èwo ni wọ́n ń kà fún ẹni tí kò ní orúkọ. Mo fẹ́ bi bàbá náà ní ìbéèrè, n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí mo bá tiẹ̀ gbọ́ ọ, kí ni mo fẹ́ bi í? Kò sí ohun tó lè sọ fún mi. Ó lè jẹ́ pé Pàmí wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ òkun ló wà. Mo padà sí géètì.

Kò bi mí pé ṣé ó wà níbẹ̀. Mo ti ń mú èsì yẹn bọ̀ lójú ọ̀nà, kò bi mí.

"Ṣé wọ́n ń ro ibẹ̀?" ló wí.

"Wọ́n ń ro ó. Ó mọ́."

"Oòrùn ńkọ́? Ṣé kì í pa wọ́n?"

"Igi wà níbẹ̀. Ògiri sì fún wọn ní òjìji díẹ̀."

"Ògiri wo?"

"Ògiri tó wà lẹ́yìn wọn."

"Kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

"Funfun," mo wí. N kò tíì ronú sí i nígbà yẹn. Mo kàn dáhùn ni. "Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń bomi rin òdòdó."

Ó mi orí. Ó mi orí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ fún. Lẹ́yìn náà ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú sùtánà jáde. Ti Pàmí ni, èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò mọ̀ pé ó gbé e wá.

"Bá mi tẹ́ ẹ sórí ọ̀kan."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí kò ní òdòdó."

Mo fẹ́ kọ̀. Mo fẹ́ sọ pé bí mo bá tẹ́ ẹ, mo ti sin ọmọ tí Ọlọ́run sọ pé ó wà láàyè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti nà sí mi, ojú rẹ̀ kò sì sí lára mi, ó ń wo ilẹ̀. Mo gbà á. Mo padà lọ, mo wá èyí tí kò ní òdòdó, mo tẹ́ aṣọ náà sórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ sósì. Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e. Bàbá arúgbó yẹn wá, kò sọ̀rọ̀, ó fi òkúta tẹ èjìká rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì da omi tó kù nínú agbè rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ẹni ń ṣe àlejò.

Mo gbójú sókè. Ilẹ̀ gbígbẹ. Ògiri funfun. Aṣọ funfun, tí èmi fọwọ́ ara mi tẹ́. Omi tí wọ́n dà síwájú rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irú ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn kò bà mí rí. Bó bá jẹ́ irọ́ ni Wòlíì pa, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dárí ji òpùrọ́. Irọ́ kọ́. Ó rí i, ó sì sọ ọ́. Ọlọ́run fi hàn wá bó ṣe rí gan-an, àwa jó, a ní kó wá dúpẹ́, Ọlọ́run sì ń wò wá. Ọdún tó gorí ọdún, ó ń rán ẹ̀wù, ó ń fẹ̀ ẹ́ léjìká, Ọlọ́run ń wò ó. Mo ti bi Í ní ìdí rẹ̀ lórí eékún mi. Títí di òní, mo ṣì ń bi Í.

Nígbà tí a padà dé inú ọkọ̀, Ìyá Pàmí bu ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ tán. "Ó jinná lónìí," ló wí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo wọ sùtánà, mo dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó kọjú sí ògiri. Kò sùn.

"Ìyá Pàmí, ilẹ̀ ti mọ́."

"Máa lọ pè é bó bá wù ọ́," ló wí. Èmi náà bọ́ aṣọ, mo padà dùbúlẹ̀.

Ní Málítà, kò sọ̀ kalẹ̀. Èmi tẹ̀ lé àsíá. Ẹni tó ń mú wa kiri sọ fún wa bí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù mímọ́ ṣe fọ́ sí etíkun ibẹ̀, tí ọmọ-ogun, ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn atukọ̀ fi pákó wẹ̀ dé ilẹ̀, tí ẹnìkan ṣoṣo kò sì kú. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an ti ka ìtàn yẹn sí ìjọ létí lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti pariwo lé e lórí. Mo wo omi náà. Òkun kan náà ni. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi kò gbé.

Ọjọ́ Àìkú tí a dé, ìjọ kún. Gbogbo ènìyàn ń dúró de ẹ̀rí. Nígbà tí orin lọ sílẹ̀, Wòlíì Kọ́láwọlé nawọ́ síwájú, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ìyá Pàmí! Ẹ máa bọ̀ níwájú, Màmá. Ẹ wá sọ ohun tí Olúwa ṣe."

Kò dìde. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n kò bá wí. Wòlíì tún pè é. Arábìnrin kan tó wà lẹ́yìn fọwọ́ kàn án lẹ́yìn pé, "Ìyá Pàmí, ìwọ ni wọ́n ń pè o." Kò yíjú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé etí rẹ̀ ti di. Lẹ́yìn náà ó dìde níbi tó wà, kò lọ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè. "Dárasími lọmọ mi. Òun ni kẹ́ ẹ máa fi pè mí."

Ìyá tó ní àkọ́bí láàyè, a kì í fi ọmọ ẹ̀yìn pè é. Àwọn àgbàlagbà obìnrin tó wà lápá òsì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Mo gbọ́ tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ẹkún tí a ti dì mọ́nú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ọwọ́ Wòlíì ṣì nà síwájú, kò mọ ohun tó máa fi ṣe.

"Màmá," ló wí, "mo rí i. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, mo rí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ."

"Mo gbà, Bàbá," ló dá a lóhùn. "Ilẹ̀ gbígbẹ ni."

Ó jókòó. Wòlíì wò mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé òun náà. Kò tíì sọ ìran kan látìgbà náà. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ń wà.

Ìyá Dárasími ṣì ń wá sí ìjọ. Ó ń jókòó, ó ń dìde nígbà tí a bá dìde, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú orin mọ́. Dárasími ní òun ti rò pé tó bá dé láti ibi ìsinmi, ara á tù ú. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán ẹ̀wù àwọn ọmọ akọrin. Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí sílẹ̀. Ó ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kúrò, fọ́tò nìkan ló kù lára ògiri. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. A jókòó wo odò.

Nínú àdúrà òwúrọ̀ mi, mo máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà, lórí ilẹ̀ àti lórí omi, kí Ọlọ́run mú wọn gúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń dárúkọ Pàmí láti ọjọ́ tó ti pè pé òun ń wọ ọkọ̀ omi. Ní ìparí ni mo máa ń gbàdúrà fún àwọn tó ti sùn. Ní báyìí, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn arìnrìn-àjò, orúkọ rẹ̀ á wá sí mi lẹ́nu, màá dá a dúró. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti sùn, ahọ́n mi kì í gbé e. Mo máa ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan, títí ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ á fi kọjá ní Upney, kí n tó ṣe àmín.